Ìbéèrè Kan, Ọ̀rọ̀-Ìṣe Mẹ́ta: Ìtàn "Ask", "Question" àti "Interrogate"

Ní ọdún kẹta tí mo lò ní ìlú òyìnbó, mo gbé orí kan nínú ìwé ìwádìí mi lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń tọ́ mi sọ́nà. Orí náà dá lé àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, nítorí pé ìtàn iṣẹ́ òfì ni mo kọ́kọ́ wádìí kí n tó yíjú sí ìtàn èdè. Mo ti lo oṣù méjì gbáko lọ́dọ̀ bàbá ahunṣọ kan tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Bàbá yìí fún mi ní àpótí jókòó, ó fún mi ní obì, a sì máa dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró nígbàkúùgbà tí mo bá yọjú, kí ariwo òfì má baà bo ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo wá ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ ní ibi 11 pé mo "interrogate" bàbá náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi fa ìlà pẹ́ńsùlù sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ìbéèrè kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: ṣé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá náà ni?

Ojú tì mí púpọ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ "ask". Mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí náà gan-an ni n kò sì fi lò ó. Lójú tèmi, aṣọ ilé ni "ask". A kì í wọ̀ ọ́ lọ sí òde àríyá. Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí tábìlì mi fi "question" túmọ̀ "interrogate", ó fi "ask" túmọ̀ "question", mo sì rò pé èyí tí ó gùn jù nínú wọn ni ó ní ọ̀wọ̀ jù. Mo fẹ́ fi agbádá bo bàbá náà lára, aṣọ ẹlẹ́wọ̀n ni mo wọ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní ọ̀kan náà kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ìtumọ̀ tí a tò sínú ìwé kọ́ ni ó ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn bí kò ṣe ìtàn: ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ náà wọ inú èdè, ta ni ó mú un wọlé, ilé ta ni ó sì kọ́kọ́ dé sí. Ẹni tí kò bá mọ èyí, bí ó tilẹ̀ há ìwé ìtumọ̀ sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "ask" ni ọmọ onílé. Àwọn Angle, Saxon àti Jute, tí wọ́n ti etí òkun Jámánì àti Dẹ́nímáàkì ṣí wá sí Bìrìtáńnì láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún karùn-ún, ni wọ́n mú un dé, "ascian" ni wọ́n sì ń pè é. Ó ní ẹlẹgbẹ́ kan nígbà náà tí ń jẹ́ "frignan", ìbátan "fragen" tí àwọn ará Jámánì fi ń béèrè ọ̀rọ̀ títí di òní. "Frignan" ti kú, kò fi ọmọ sílẹ̀. Ní ti "ascian", láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń pè é ní ọ̀nà méjì, nítorí pé àwọn mìíràn a máa wí pé "acsian". Akéwì ńlá nnì, Chaucer, tí ó kú ní 1400, a máa kọ ọ́ ní "axe", bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú Bíbélì tí Coverdale gbé jáde ní 1535. Mo mọ olùkọ́ kan tí ó máa ń na àwa ọmọ kíláàsì rẹ̀ nítorí pé a ń pè é ní "aks". Ó ní èdè àwọn aláìmọ̀wé ni. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i nínú ìwé pé orí èdè akéwì àti èdè Bíbélì ni ó ti nà wá.

Ilẹ̀ kò tíì rọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tán tí àwọn ará Àríwá fi dé. Ní 793 ni àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi jalè kọ lu ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Lindisfarne. Kí ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e tó parí, ọmọ wọn ti ń dá oko ní apá ìlà-oòrùn àti àríwá ilẹ̀ náà, nígbà tí ó sì di 1016, ọmọ ọba Dẹ́nímáàkì tí ń jẹ́ Cnut jọba lórí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wọn kò jìnnà sí ara wọn. Bí Ìjẹ̀bú ti ń gbọ́ Ọ̀yọ́ bí ó bá fara balẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn. Nítorí náà, inú oko àti ìdí ààrò ni ọ̀rọ̀ àwọn àlejò yìí gbà wọlé, kì í ṣe ààfin. "Take" ti ọ̀dọ̀ wọn wá, òun ni ó sì lé "niman" jáde nílé. "Numb", tí a fi ń pe ara tí ó kú tipiri, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí "niman" fi sílẹ̀ sáyé. "Die" náà dé. Ọ̀rọ̀ tí onílé fi ń pe ikú tẹ́lẹ̀, "steorfan", kò kú ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n a sún un sí ìgun ilé, títí ó fi di "starve", èyí tí ó jẹ́ ikú tí ebi ń pani nìkan. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ilé kan, wọn kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀: yálà kí ọ̀kan kú bí "frignan" àti "niman", tàbí kí wọ́n pín oko bí "die" àti "starve". "Ask", "question" àti "interrogate" wà láàyè lónìí nítorí pé wọ́n pín oko.

Ọ̀tọ̀ ni bí Faransé ṣe wọlé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1066, William, baálẹ̀ ńlá ti Normandy, ṣẹ́gun Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bàá Hastings. Fún nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọba gbọ́ ti òun ní láti sọ Faransé tàbí kí ó wá ògbifọ̀. Àgbẹ̀ àti ìránṣẹ́ ni ó ku Gẹ̀ẹ́sì kù fún. Ní 1362, ìgbìmọ̀ aṣòfin pàṣẹ pé kí a máa ro ẹjọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn ará ìlú kò gbọ́ Faransé tí a fi ń dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà fúnra rẹ̀, òfin náà sì tún là á sílẹ̀ pé Látìnì ni kí a máa fi kọ àkọsílẹ̀ ẹjọ́ pamọ́. Ẹ wo bí èdè mẹ́ta ṣe pàdé lórí ìwé kan ṣoṣo! Ẹlẹ́jọ́ ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọkún, agbẹjọ́rò ti fi Faransé kọ́ iṣẹ́, akọ̀wé ń fi Látìnì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ti rí àyè dúró nídìí ìbéèrè kan, kí ó wo inú yàrá ìdájọ́ yìí.

Ẹnu ọ̀nà àwọn alágbára ni "question" gbà wọlé. Ní ilẹ̀ Faransé, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe ìyà tí a fi ń jẹ ẹni tí a fura sí kí ó lè jẹ́wọ́, kò sì dáwọ́ dúró títí di ìgbà ọba Louis kẹrìndínlógún, tí ó fòfin de apá kan rẹ̀ ní 1780. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ìfura. Olùkọ́ ń "question" akẹ́kọ̀ọ́, agbẹjọ́rò ń "question" ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ òtítọ́ ni ó ń ṣe é fún ẹni tí ó lè fi òtítọ́ pamọ́. Bí a bá sì "question" ọ̀rọ̀ ẹnìkan, a kò bi í ní ohunkóhun mọ́, a ti sọ pé kò dá wa lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ nígbà kan pé òun "question" ọba ìlú òun nípa ìtàn ìdílé wọn. Mo bi í bóyá kábíyèsí ti gbọ́.

"Demand" ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ní Paris, "demander" kò ju béèrè lọ. Òun ni ọmọdé fi ń tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọdá òkun, ilé àwọn ìjòyè tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ni ó dé sí, ó sì kọ́ ìwà ibẹ̀: ohun tí a bá "demand" lédè Gẹ̀ẹ́sì, a kò retí pé kí a fi dù wá. Ní 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fi ìwé pín ilẹ̀ Yorùbá ní apá ìwọ̀-oòrùn, tí Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin Kétu kan tí ó fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ kọ̀wé sí ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, tí ó wí pé òun "demand" ìrànlọ́wọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ ni ó ní lọ́kàn, àfojúdi ni yóò dé etí ẹnì kejì. Kò sí èyí tí ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ nínú àwọn méjèèjì, olúkúlùkù ń fi etí ilé ìwé tí ó lọ gbọ́ ni.

"Interrogate" ni ó dé kẹ́yìn, ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kò bá ogun wá, kò bá ọjà wá. Inú ìwé Látìnì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti yọ ọ́. Ní Róòmù àtijọ́ kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: "rogare" ni kí a béèrè, ẹnikẹ́ni sì lè "interrogare" ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ àti àlùfáà àti òǹkọ̀wé nìkan ni ó ń lò ó, kò sí ọkọ kan tí ó fi bi ìyàwó rẹ̀ bóyá oúnjẹ ti jinná. Ẹgbẹ́ tí ó ń kó ni ó fi ìwà ọlọ́pàá ràn án.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn bínú sí irú ọ̀rọ̀ báyìí nígbà kan. Inú ìwo ẹran ni àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà ń rọ tàdáwà sí, àwọn tí kò fẹ́ràn Látìnì sì ń pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ inú ìwo tàdáwà. Thomas Wilson fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nínú ìwé rẹ̀ ní 1553. John Cheke, olùkọ́ Gíríìkì ní Cambridge, kọ lẹ́tà kan ní 1557 pé kí a jẹ́ kí èdè àwọn mọ́ láìsí àdàlù èdè ẹlòmíràn. Ó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí ó ń túmọ̀ ìhìnrere Mátíù: "hundreder" ni ó pe ọ̀gágun tí ó ní 100 ọmọ ogun lábẹ́, "gainrising" ni ó pe dídìde kúrò nínú òkú, ẹni tí a kàn mọ́gi sì di "crossed". Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tẹ̀ lé e, Látìnì ni ó borí. Bí ó ti wù kí ó rí, mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí mo bá ka ìtàn Cheke, nítorí ohun tí ó wá tì ní Cambridge ni àwọn bàbá wa ṣe ní Abẹ́òkúta àti Èkó ní 300 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Balógun ọ̀rún, àjíǹde, kàn mọ́ àgbélébùú: kò sí Látìnì kan níbẹ̀, a sì ń lò wọ́n títí di òní bí ẹni pé wọ́n ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ tó báyìí, ó di dandan kí ẹnìkan wá ṣe ìwé tí yóò máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn Faransé ni ó kọ́kọ́ ṣe é, láti ọwọ́ àlùfáà kan tí ń jẹ́ Girard ní 1718. Trusler tẹ̀ lé e lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1766, Hester Piozzi ṣe tirẹ̀ ní 1794, Crabb sì ṣe tirẹ̀ ní 1816. Àwọn wọ̀nyí gbìyànjú láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti yàtọ̀ sí èkejì. Ìwé tí ó wá gba ayé kan, tí ó sì wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa lónìí, ni ti Roget, dókítà onísègùn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1852, nígbà tí ó ti pé ẹni 73 ọdún. Roget kò túmọ̀ ohunkóhun. Bí ẹni pàtẹ igbá lọ́jà ni, tí ó to igbá ti igbá láìsọ èyí tí a fi ń bu omi fún àlejò àti èyí tí a fi ń kó ilẹ̀. Ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ilé náà mọ̀ ọ́n wò. Àlejò yóò kàn mú èyí tí ó bá tóbi jù ni.

Ní ọdún 1852 yìí kan náà, ní London kan náà, ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, gbé ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde lákọ̀tun lẹ́yìn èyí tí ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1843. Òdìkejì ìṣòro Roget ni tirẹ̀. Roget ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún èrò kan ṣoṣo. "Ask" kan ṣoṣo wà níwájú Crowther, èrò tí a pín sí ọ̀nà púpọ̀ sì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀.

Nítorí àwa náà ní tiwa. A máa ń bi ènìyàn, a sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ nǹkan ni a fẹ́ gbà, a tọrọ rẹ̀. Bí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn dé tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá àlàáfíà ni a wà, ó béèrè wa. Gbogbo èyí ni "ask" nìkan ń dá rù. Bí nǹkan bá ṣókùnkùn, a lè fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, ṣùgbọ́n àgbà ni ó ń ṣe èyí fún ọmọdé, tàbí àna fún ẹni tí ó wá fẹ́ ọmọ wọn. Ọmọ kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá bàbá rẹ̀ lẹ́nu wò. Ní ti ìwádìí, ìdí ọ̀rọ̀ ni à ń wá. Bí a bá gbọ́ pé wọ́n ń wádìí ènìyàn, a ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo wádìí ní Ìṣẹ́yìn ni iṣẹ́ òfì, bàbá náà kọ́. Ìmọ̀ yìí wà lórí ahọ́n mi láti kékeré. Nígbà tí mo dé inú Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbàgbé rẹ̀, tí mo mú bàbá fi rọ́pò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kí ni ó ń mú wa gbàgbé? Èrò tèmi ni pé orí òkè ni a ti pàdé èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ "ask" lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó gbọ́ "question" lẹ́nu olùkọ́, ó sì ti gbọ́njú kí ó tó ka "interrogate" nínú ìwé ìròyìn. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń wọ agboolé wa ni ti ìwé ìpẹ̀jọ́, ti ìkéde ìjọba, ti akọ̀wé kóòtù: Gẹ̀ẹ́sì tí Faransé àti Látìnì ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Àwọn bàbá wa tí kò mọ̀wé san owó fún àwọn akọ̀wé ẹ̀bá ọ̀nà láti bá wọn kọ ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá àgbà, kò sì sí ẹni tí yóò san owó fún ọ̀rọ̀ kúkúrú. N kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n àṣà yẹn ni ó fi "commence" sí ẹnu wa níbi tí "begin" ti tó, tí a fi ń "purchase" ata, tí a sì ń "reside" ní ilé ìyá wa. Mọ́tò nìkan ni kò gbà fún wa: kò sí ẹni tí ń "commence" mọ́tò, gbogbo awakọ̀ ni ó mọ̀ pé a ń sítáátì rẹ̀ ni. "Start" yìí náà jẹ́ ọmọ onílé. Kí ènìyàn ta gìrì dìde ni ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó sì hàn pé kò tíì gbàgbé.

Ó yẹ kí n fi kún un pé "interrogate" ti rí ilé tuntun báyìí láàárín àwa olùkọ́ Yunifásítì. A kì í ka ìwé ìtàn àròsọ mọ́, a ń "interrogate" rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe fún ewì, fún òwe, àti fún àwòrán. Bóyá ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ kò bìkítà. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí mo bá rí i lórí àkọlé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, mo máa ń wo ilẹ̀kùn.

Láti tún orí ìwé mi ṣe kò rọrùn bí mo ti rò. Mo ní kí n kàn fi "ask" rọ́pò ọ̀rọ̀ náà ní ibi 11 kí n sì sinmi, ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní kí n kọ́kọ́ sọ fún òun ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo padà sínú ìwé kékeré tí mo kọ ọ́ sí nígbà tí mo wà ní Ìṣẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo bi bàbá ní ìbéèrè ní tòótọ́. Ọjọ́ méjì ni mo lọ tọrọ láti rí sányán àti ẹtù àtijọ́ tí ó wà nínú àpótí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin mìíràn, n kò béèrè ohunkóhun. Bàbá náà ni ó ń hunṣọ tí ó ń sọ̀rọ̀, tí mo jókòó tí mo ń gbọ́. Èyí tí ó kù ni ọjọ́ kìíní, nígbà tí bàbá yọ ojú kúrò lára òfì tí ó bi èmi ní ọmọ ta ni mí.

Gbogbo rẹ̀ ni mo tún kọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé tí wọ́n dì sí ilé ìkàwé. Ṣùgbọ́n kí ìlà pẹ́ńsùlù nnì tó dé, mo ti gé apá kan orí náà ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà kan ní òkè òkun. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ní ojú ewé kejì rẹ̀, níbi tí mo ti dárúkọ Ìṣẹ́yìn tí mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ahunṣọ náà, "interrogate" ṣì wà níbẹ̀.